Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ló dé tí Bluetooth fi ń pẹ́ kó tó rí ẹnìkejì rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Iná
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ni mo fi ń wá sípíkà Bluetooth fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Bí mo bá ti tẹ hcitool inq, àṣẹ Linux tó ń wá ẹ̀rọ Bluetooth tó wà nítòsí, ìṣẹ́jú àáyá 10 gbáko ni mo fi ń wò duu kí ohunkóhun tó jáde. Olùkọ́ mi ní fífò láti ìkànnì dé ìkànnì ló fà á, kí n lọ kà nípa rẹ̀. Kí ni kí n kà? Ṣé irinṣẹ́ kan wà tí mo lè fi rí i lójú?

BàbáRédíò
Ìwé ìlànà Bluetooth fúnra rẹ̀ ni, Core Specification. Ọ̀fẹ́ ni lórí bluetooth.com. Má jẹ́ kí títóbi rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́, ibi inquiry (bí ẹ̀rọ ṣe ń wá ẹ̀rọ) lábẹ́ Baseband nìkan ni kí o ṣí.

Ronú nípa ẹni méjì tó ń wá ara wọn lọ́jà, tí kò sẹ́ni tó mọ ìsọ̀ tí ẹnìkejì wà. Bí àwọn méjèèjì bá ń sáré, wọ́n á kàn máa gba ẹ̀yìn ara wọn kọjá ni. Nítorí náà ọ̀kan ń sáré, èkejì ń fẹ̀sọ̀ rìn. Ìkànnì 79 ni Bluetooth ní, 32 péré ló fi ń wáni, ó sì pín in sí ọ̀wọ́ méjì, 16 sí 16. Pi rẹ ń fò nígbà 3200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà 256 ló ń yí ọ̀wọ́ kìíní po, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 2.56, kó tó bọ́ sí èkejì. Sípíkà ní tiẹ̀, bí ẹni tó ṣe é ò bá yí i padà, ìkànnì kan ló ń dẹtí sí, fún mílísẹ́kọ́ńdù 11 àti díẹ̀, nínú ìṣẹ́jú àáyá 2.56. Bí ìkànnì yẹn bá bọ́ sí ọ̀wọ́ tí Pi ò tíì dé, Pi á pariwo títí, kò ní gbọ́.

Ọmọ_Ìbàdàn
Ra dongle nRF52840, rédíò kékeré tí a ń kì bọ USB, kí o fi Wireshark, ètò tó ń fi ohun tí ẹ̀rọ ń bára wọn sọ hàn, wò ó. Kedere ni.

BàbáRédíò
Rárá o, BLE nìkan, ìyẹn oríṣi Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀, ni ìyẹn ń rí. BLE ò fi ìkànnì 32 ṣeré: ìkànnì 37, 38 àti 39 ló fi ń kéde ara rẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n sí ibi tí ìkànnì Wi-Fi 1, 6 àti 11 ò ti ní bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àbúrò, fowó rẹ pamọ́.

ÌyáLinux
Ẹ jọ̀ọ́, 10 gbáko yẹn kì í ṣe ẹ̀bi sípíkà. hcitool ni kì í sọ ohun tó rí àfi tó bá parí, ìṣẹ́jú àáyá 1.28 lọ́nà 8 ló sì ń dúró: 10.24. Tẹ hcitool inq --length=2, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni àkókò yẹn máa tó. Ṣe é nígbà 20, kí o sì rí i pé iná sípíkà ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà, kó lè hàn pé ó ṣì ń jẹ́ kí a rí òun.

Akẹ́kọ̀ọ́Iná
Ẹ ṣeun mà. Nínú 20, ìgbà 11 ló rí sípíkà, ìgbà 9 òfo. Mo dá a padà sí 8, ó rí i ní gbogbo ìgbà 20. Olùkọ́ mi ní kí n gbé tábìlì èsì náà sí Orí 4 iṣẹ́ àṣekágbá mi.