Báwo lẹ ṣe ń dá àwọn igi olóje funfun mọ̀ yàtọ̀ síra?

Akẹ́kọ̀ọ́Fámásì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ipele kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ fámásì, practical pharmacognosy wa (ẹ̀kọ́ nípa oògùn inú ewé àti igi) sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á to ewé, èèpo àti kóró sórí tábìlì, àwa á wá sọ orúkọ wọn, ẹbí wọn àti ohun tó wà nínú wọn. Ẹ̀fínrín ò ṣòro, òórùn rẹ̀ ti tó. Àwọn tó ń ṣe oje funfun ló ń dà mí láàmú: asofẹ́yẹjẹ, ahùn, bọmubọmu, olómi òjò, lápálápá, ọ̀pọ̀tọ́. Tí oje bá ti yọ báyìí, ẹbí Apocynaceae nìkan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa tọ́ ọ wò, pé èyí tó bá korò ni Apocynaceae. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ỌmọẸlẹ́wéBódè

Má tọ́ nǹkan kan wò o, àbúrò! Asofẹ́yẹjẹ korò, olómi òjò náà korò, ṣùgbọ́n kóró olómi òjò kan tàbí méjì lè pa ọmọdé. Ahọ́n ò lè sọ èyí tó jẹ́ fún ọ. Tí oje bọmubọmu bá sì ta sí ọ lójú, ọ̀dọ̀ dókítà ojú lo ti máa ṣe practical tìrẹ.

Màmá mi ń ta ewé ní Bódè n'Íbàdàn, èmi sì ń ṣiṣẹ́ apòògùn báyìí. Màmá kì í fi oje dá ewé mọ̀. Bí ewé ṣe jókòó sára ẹ̀ka ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ gan-an sì ni kí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mú ẹ̀ka asofẹ́yẹjẹ dání. Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń jáde lójú kan náà, wọ́n yí ẹ̀ka po. Ahùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó méje lójú kan. Tó bá jẹ́ pé èso ni wọ́n gbé síbẹ̀, ìjà ti parí: ti asofẹ́yẹjẹ ṣe róbótó, ó máa ń pọ́n, àwọn ẹyẹ kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ lórí igi. Ti ahùn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, méjì-méjì ló ń so rọ̀, kóró inú rẹ̀ ní irun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ. Ewé bọmubọmu kọjú síra ní méjì-méjì, ó nípọn, ó ní nǹkan funfun kan lára tó ń bọ́ síni lọ́wọ́.

Olómi òjò ló máa dẹ pàkúté fún ọ. Apocynaceae ni lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ewé rẹ̀ ń jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Òdòdó yẹ́lò rẹ̀ ni kí o wá, tàbí èso rẹ̀ tútù tó ní igun. Wọ́n ń fi í ṣe ọgbà yí ilé ká, kódà mo ti rí i ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ta ló gbìn ín síbẹ̀? Kò sí nǹkan mìíràn láti gbìn ni?

Lápálápá ò sí nínú ẹbí yẹn rárá. Euphorbiaceae ni, òun, ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà. Lárà náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní oje funfun. Oje lápálápá gan-an kì í funfun tó ti ahùn, omi-omi ni. La èso rẹ̀, wàá bá yàrá mẹ́ta nínú rẹ̀, kóró kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá mẹ́ta yẹn ni kí o dì mú fún Euphorbiaceae. Ọ̀pọ̀tọ́, Moraceae: wo ibi tí ewé ti já, àpá kan á yí ẹ̀ka náà ká.

Ohun tó wà nínú wọn: tí wọ́n bá gbé asofẹ́yẹjẹ sílẹ̀, reserpine, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ni wọ́n ń retí, gbòǹgbò sì ni kí o dárúkọ. Ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel ló yọ ọ́ jáde ní 1952 láti ara Rauvolfia serpentina ti Íńdíà. Tiwa ni Rauvolfia vomitoria. Àwọn adáhunṣe tó ń wo wèrè lọ́dọ̀ wa ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ mú aláìsàn sùn tipẹ́. Reserpine ń tú noradrenaline, dopamine àti serotonin, àwọn kẹ́míkà tí iṣan ọpọlọ àti ti ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, kúrò níbi tí iṣan ń kó wọn pamọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀, ara á rọ̀, ṣùgbọ́n inú ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láìnídìí. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ewu rẹ̀, má gbàgbé ìyẹn.

BàbáÌbejì

Ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n tí bọmubọmu bá burú tó báyìí, kí ló dé tí àwọn Fúlàní fi ń fi í ṣe wàrà tí gbogbo wa ń jẹ?

ỌmọẸlẹ́wéBódè

Bàbá Ìbejì, ẹ bi í re. Nǹkan méjì ló wà nínú oje yẹn. Ìkíní ni àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé púrótéènì, àwọn ló ń mú mílíìkì dì. Ìkejì ni àwọn glycoside tó ń da lílù ọkàn rú, ọmọ ìyá ti olómi òjò àti digoxin, oògùn ọkàn ilé ìwòsàn. Díẹ̀ ni àwọn obìnrin Fúlàní ń fi sí i, wọ́n á sè é, wọ́n á sì sẹ́ omi rẹ̀ dànù. Ọwọ́ wọn ti mọ ìwọ̀n. Ẹ má lọ dán an wò nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́Fámásì

Ẹ ṣé gan-an ni mà. Tí wọ́n bá wá lọ ewé náà kúná ńkọ́? Kò ní sí ẹ̀ka tí mo fẹ́ wò mọ́.

ỌmọẸlẹ́wéBódè

Máíkírósíkópù nìyẹn. Fi chloral hydrate, kẹ́míkà tó ń mú kí inú ewé hàn kedere, fọ̀ ọ́ mọ́, kí o wá stomata, ihò tí ewé fi ń mí. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ni kí o wò. Ti ẹ̀fínrín jẹ́ méjì, wọ́n dábùú ihò. Ti asúnwọ̀n náà jẹ́ méjì, àmọ́ wọ́n nà tẹ̀ lé ihò náà ni. Ti gẹgẹmu jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan kéré sí àwọn yòókù. Tí o bá wà nítòsí Ìbàdàn, ya Forest Herbarium, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ pamọ́ sí, ní Jericho kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè jẹ́ kí o rí Rauvolfia vomitoria (asofẹ́yẹjẹ) àti Alstonia boonei (ahùn), kí o tẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o sì ka ewé tó wà lójú kọ̀ọ̀kan.