Ọparun Mọ́níyà: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo béèrè lóṣù tó kọjá ìdí tí ọparun mi ní Mọ́níyà fi ń kú, oko tí mo dá nítorí ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún Ọlọ́run pé àwọn opó ìjọ wa á rí nǹkan jẹ. Ẹni tó ní kí n hú ọ̀kan wò ló gbà mí: ó ti jẹrà nísàlẹ̀, ó ń rùn, omi ló dúró sí i lẹ́sẹ̀. (Ìyàwó mi ti sọ ọ́, mi ò gbọ́.) Mo gé òmíràn, olóríkèé méjì-méjì, mo gbìn ín sórí ebè. Ó ti yọ ọ̀mùnú! Yóò tó ọdún 3 sí 4 kó tó gbó dáadáa. Ẹ̀fọ́ tó wà láàárín ọparun náà làwọn opó yẹn ń tà ní báyìí. Ẹ ṣeun, ìbéèrè mi ti parí.