Àwọn fọ́tò Dornier bàbá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì bàálù ni bàbá mi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì padà sí Òṣogbo, páálí kan tó kún fún fọ́tò Dornier 228 ni wọ́n gbé bọ̀. Bàálù kékeré ni, ẹ́ńjìnnì méjì, èrò 19. Ọdún 1981 ló kọ́kọ́ fò, àwọn ará Íńdíà náà sì ń ṣe é.

Mo fẹ́ tò wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù kí ojú Bàbá tó ṣú tán. Èyí tí wọ́n kọ NAF (ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà) sí lára, ti ológun ni. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5N, àmì bàálù Nàìjíríà, ti alágbádá ni. Ọ̀kan wà tí Bàbá dúró síwájú nọ́ńbà náà gan-an, wọn ò sì rántí mọ́. Kí ni mo tún lè wò lára bàálù náà?

Èyí tó dùn mí jù ni mẹ́rin tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, òjò ló jò sí wọn ní ilé wa ní Òkèfìà. Mo rọra fa ọ̀kan, àfi bí àwọ̀ ojú ọ̀run ṣe ń bó tẹ̀ lé ọ̀rá. Kíá ni mo fi í sílẹ̀. Ta ló ti yọ irú ẹ̀ rí tí kò bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?