Sípíríǹgì ẹ̀yìn tòkunbọ̀ mi já: ṣé kí n gbà kí wọ́n jó o?

Ìyàwó Tíṣà (Iléṣà):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla 2009 ni mo ní, tòkunbọ̀ láti Kánádà, kò tíì pé oṣù 5 tí mo rà á. Láàárọ̀ Ọjọ́rú mo ń bọ̀ láti Ìṣọ̀kùn, mo kó sí kòtò kan báyìí. Kòtò kékeré ni o, irú èyí tí ọ̀kadà ò tiẹ̀ ní yà fún. Mo kàn gbọ́ "gbàgà!" lẹ́yìn ni. Látìgbà náà ni ẹ̀yìn apá òsì ti dọ̀bálẹ̀.

Mẹkáníìkì yọ sípíríǹgì náà, ó fi hàn mí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti já, ègé kan tí kò ju ìka méjì lọ ṣẹ́ kù sórí rọ́bà tó jókòó lé. Ojú ibi tó já pupa rúsúrúsú, àfi etí kan péré tó ń dán bí owó tuntun. Mẹkáníìkì ní kí n má ṣèyọnu, òun á gbé e fún àwọn tó ń jó irin. Ẹni tó tà á fún mi ní ojú ọ̀nà wa ló bà á jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òṣómàáló_1:
Ẹ máa dúpẹ́ pé sípíríǹgì ló já. Lójú ọ̀nà tí èmi ń gbà, eyín ẹnu mi gan-an ti ń mì.

Àbọ̀dé Brampton (Iléṣà):
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin géètì. Bí wọ́n ṣe fi iná sè é tí wọ́n sì tù ú ló jẹ́ kó máa tẹ̀ kó tún máa padà. Tí iná wẹ́dà bá kàn án, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á le gbagidi, á wá ṣẹ́ bí igi gbígbẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó ọmọ sẹ́yìn. Ó sì lè gún táyà.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà: tiwa kàn parí iṣẹ́ ni. Iyọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọdún 9 ni mo lò ní Brampton lẹ́bàá Toronto. Láti Oṣù Kejìlá títí di Oṣù Kẹta, bí yìnyín bá ti fẹ́ já bọ́, ọkọ̀ ńlá á máa da iyọ̀ sójú títì, torí omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Bàtà mi á funfun dé ọrùn ẹsẹ̀. Omi iyọ̀ yẹn ni táyà ń fọ́n sábẹ́ ọkọ̀. Ìdí sípíríǹgì, níbi tó jókòó sí, ni òun àti yanrìn máa ń sùn sí. Ọ̀dà á bó, ìpẹtà á gbẹ́ ihò tíntìntín, ibẹ̀ ni irin á ti sán. Etí tó ń dán tí ẹ rí yẹn nìkan ló já ní Ìṣọ̀kùn. Ibi tó pupa ti sán tipẹ́.

Òtútù náà ò mọ ní kékeré. Tó bá di -20, ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì á ki, bọ́ọ̀ṣì, rọ́bà tó wà níbi tí irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti so mọ́ra, á le, ọkọ̀ mi á máa ké kíìn-kíìn bí ilẹ̀kùn ilé ìyá àgbà títí ara ẹ̀ fi máa yá. Kòtò sì wà níbẹ̀ o! Omi tó wọ inú títì á dì, á wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, títì á là. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọ abẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí mo sì ń ní kí wọ́n fọ́n ọ́ìlì sí i kí òtútù tó dé. Ẹni tó kọ́kọ́ ni tiyín ò jọ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ pààrọ̀, tuntun ni kí ẹ rà. Sípíríǹgì tòkunbọ̀ lè ti jẹ iyọ̀ kan náà. Kí wọ́n sì wo páìpù bíréèkì, nítorí Ọlọ́run.

Mẹkáníìkì Lágere (Ifẹ̀):
Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn pé. Corolla yẹn ò le: ẹ tú ìdí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ásù ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, á sọ̀ kalẹ̀, sípíríǹgì á bọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ìlì àlòkù kun bọ́ọ̀ṣì, á wú, á sì rà. Bí wọ́n bá sì tú bóòtì bọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà ni kí wọ́n tó dè é pa, kì í ṣe lórí jáàkì. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ṣì ń gbàgbé ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ kó tó sanwó. Bọ́dì tó ń dán ò sọ nǹkan kan.

Ìyàwó Tíṣà (Iléṣà):
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, àti ẹ̀yin ti Lágere. A yọ ti ọ̀tún lánàá: òun náà ti sán níbì kan náà, èékánná mi wọ inú ẹ̀. Páìpù bíréèkì kan ń bó bí èèpo iṣu, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Tuntun méjì ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ báyìí. Mẹkáníìkì mi ò sọ̀rọ̀ jíjó mọ́, ó kàn bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní èyí tó já. Mi ò fún un. Orí tábìlì pálọ̀ ló wà, ọkọ mi ní ta ni mo fẹ́ fi hàn. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà ni. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.