Cowslip: ètè kọ́, ìgbẹ́ ni

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá "ètè-màlúù" fún cowslip, òdòdó inú ìtàn tí à ń túmọ̀ sí Yorùbá, ẹ má bínú sí mi: ibi tí ẹ ti gé ọ̀rọ̀ náà kọ́ ni oríkèé rẹ̀ wà. Ẹ gé e sí cow's-lip, bẹ́ẹ̀ cow-slip ni. Cūslyppe ni wọ́n ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: cū ni màlúù, slyppe sì ni nǹkan rírọ̀ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ká má fọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀, ìgbẹ́ màlúù ni, nítorí pápá tí màlúù ti ń jẹko ni òdòdó náà ti ń hù. Ẹ tún wo oxlip, ìbátan rẹ̀. Oxanslyppe ni tẹ́lẹ̀. "S" àárín ló jábọ́, tí gbogbo ayé fi ń wá ètè akọ màlúù kiri. Bí àwọn tó ń tú "ìyàwó" sí ìyà tí ẹnì kan jẹ ní Ìwó náà ni. Ìtàn yẹn dùn létí, àmọ́ dídùn rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rí.

Àbúrò kan ní orúkọ ìgbẹ́ kò yẹ òdòdó. Imí-eṣú wá ńkọ́? Ta ló ń dímú tó bá dárúkọ rẹ̀?

Ohun tó tiẹ̀ ká mi lára jù ni pé òdòdó inú ìtàn tí à ń túmọ̀ kì í ṣe ti pápá. Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ inú ìtàn náà sì rì sínú ẹrẹ̀ kó tó já òdòdó ọ̀hún. Primula veris, lórúkọ sáyẹ́ǹsì, ni cowslip àwọn ará England. Èyí tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀ ni Caltha palustris, tí wọ́n tún ń pè ní marsh marigold. Palustris gan-an, "ti àbàtà" ni lédè Látìn. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló fún un lórúkọ náà ní 1753. Wúrà Màríà ló wà nínú marigold, n kò sì rí ohun tí Màríà ń wá nínú àbàtà wa.

Àwọn ará Jámánì ló wù mí. Sumpfdotterblume ni wọ́n ń pè é: òdòdó pupa ẹyin inú àbàtà. Ẹni tó bá ti rí àwòrán rẹ̀ á mọ̀ pé wọn ò purọ́. Nítorí náà, mo dá a lábàá pé ká pe ti inú ìtàn yìí ní "pupa-ẹyin-àbàtà", ká sì fi "imí-màlúù" sílẹ̀ fún ti pápá. Bó bá gùn jù lẹ́nu yín, ẹ mú èyí tó kúrú wá, kó ṣáà má ti ní ètè.