Màmá mi ò mọ̀ mí mọ́: ṣé ẹ̀mí wọn ti kúrò nínú ara ni?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Admin, ẹ ṣé tí ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́.

Màmá mi ti pé ọdún 79. Aláró ni wọ́n. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ta àdìrẹ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ló kọ́kọ́ ń sọnù, ó kan orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ, ní báyìí wọn ò mọ èmi tí mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń bọ́ wọn. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ní èmi ọmọ yín ni, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní London. Lóṣù tó kọjá mo gbé fóònù sí Màmá létí, wọ́n sì bi í pé, "Ta nìyí?" Ó bú sẹ́kún. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló kọ̀wé sí mi pé òun ò ní pè mọ́: "Màmá ti lọ. Ilé ló kù, onílé ti kó jáde." Àbúrò mi kì í ṣe ìkà. Òun ló ń fi owó oògùn ránṣẹ́, kò sì yẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń fi òróró pa Màmá lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á máa dún létí mi.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè gbà á ni pé, tí mo bá kó aṣọ funfun àti ìko lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Wọ́n á ká a, wọ́n á dì í, ìlà rẹ̀ á tọ́. Èmi ò lè so oníko bẹ́ẹ̀. Bí onílé bá ti kó jáde, ta ló ń so aṣọ?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀sìn, ẹ dákun: báwo ni ẹ̀mí ṣe so mọ́ ara? Kí ni mo lè kọ sí àbúrò mi?

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀
Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ "ilé àti onílé" yẹn ti pẹ́ láyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, ní májèlé mu ní Athens, lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Kristi, ohun tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nìyẹn, bí Plato akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: ara ló ń kú, ọkàn kì í kú. Crito bi í pé báwo ni kí àwọn ṣe sin ín. Ó ní bó bá ṣe wù wọ́n, tí wọ́n bá lè rí òun mú. Simmias tó jókòó níbẹ̀ ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní bóyá ọkàn dà bí orin tó ń ti ara háàpù jáde: bí igi bá fọ́, tí okùn já, orin parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Plato gan-an ò ti àbúrò yín lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, kí ọkàn kúrò lára, ohun tó ń jẹ́ ikú nìyẹn. Kò sọ pé onílé á ti lọ kí ilé tún máa mí, kó máa jẹun, kó máa bèèrè bóyá ẹlòmíì ti jẹun.

Aristotle, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí i. Ó ní ká ní ẹranko kan ni ojú, ìríran ni ì bá jẹ́ ọkàn rẹ̀. Ta ló ń ya ojú kúrò lára ìríran? Ó tún ní bí arúgbó bá lè rí ojú ọ̀dọ́ gbà, á ríran bí ọ̀dọ́. Ìyẹn ni pé ọkàn kọ́ ló gbó. Ohun tí ọkàn ń lò ló gbó, bí ìgbà téèyàn yó tàbí tó ń ṣàìsàn. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni, mi ò rí ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀ràn Màmá yín mu tó yìí.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Àgbà
Ibi tó ń tọ́jú ojú èèyàn àti ohun àná nínú ọpọlọ ni àrùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ téèyàn ti ṣe fún ogójì ọdún, ibòmíì ló wà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Orin náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba ìko yẹn lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún 1901 ní Frankfurt, dókítà Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà, ń bi obìnrin kan léèrè ọ̀rọ̀. Obìnrin náà dáhùn pé òun ti sọ ara òun nù. Mo máa ń rò ó: ẹni tó mọ̀ pé òun sọnù, ṣé ó ti lọ?

Ẹ má máa bi wọ́n pé "ta ni mí?" mọ́, ẹ̀rù ló ń dá sí wọn lára. Kí àbúrò yín náà má bi wọ́n. Kó kí wọn, kó ki oríkì wọn, ìyẹn ti tó. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tí wọn ò bá tíì ṣe é, torí àìtó fítámì B12 náà máa ń fa ìgbàgbé, ìyẹn sì ṣeé wò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Olùkọ́, Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, ńkọ́? Ṣebí ó ya ọkàn àti ara sọ́tọ̀ pátápátá.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀
Ó yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ nínú ìwé kan náà tó ti sọ bẹ́ẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 1641, ló ti ní a ò gbé inú ara bí atukọ̀ ṣe ń gbé inú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá fọ́, atukọ̀ á kàn rí i ni. Bí ara bá gbọgbẹ́, àwa ló ń dùn. Lọ́dún 1643, Elisabeth ọmọ ọba Bohemia kọ lẹ́tà bi í pé báwo ni ohun tí kò ní ara ṣe ń ti ara. Èsì tó rí gbà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, èmi náà ò sì dá a lẹ́bi.

Alfa Ìsàlẹ̀
Súrà 17, áyà 85: ẹ̀mí, ọ̀rọ̀ Olúwa mi ni, ìmọ̀ díẹ̀ la sì fún yín. Nínú súrà kan náà, áyà 23, Ó ní bí òbí bá darúgbó lọ́dọ̀ rẹ, má ṣe ṣe ṣìọ̀ sí wọn. Kò ní kó o kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n mọ̀ ọ́.

Bàbá Onídùndún
Ọmọ mi, o kú ìnira. Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Iyè ló ń kúrò lára ìyá rẹ. Ìyè ṣì wà níbẹ̀. Ọbàtálá ló mọ ara, Olódùmarè ló mí èémí sí i. Níwọ̀n ìgbà tí èémí bá ń wọlé, tó ń jáde, kò sí àgbà tó jẹ́ sọ pé onítọ̀hún ti lọ. Ní ti háàpù tí Olùkọ́ sọ, onílù ni mí: bí òjò bá pa dùndún, awọ rẹ̀ á dẹ̀, kò ní lè sọ̀rọ̀. Onílù ṣì wà nídìí rẹ̀.

Mo fẹ́ bi ọ́: orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́?

Ẹni tó béèrè
Bàbá, Yétúndé ni. Ìyá Màmá mi kú nígbà tí oyún mi pé oṣù mẹ́fà.

Bàbá Onídùndún
Ta ló wá ní wọn ò mọ̀ ọ́?

Ìránṣẹ́ Olúwa
Bàbá, ẹ má bínú, àwa Onígbàgbọ́ ò gba àtúnwá. Oníwàásù 12:7 ní ẹ̀mí ń padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run tó fi í fúnni. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ibi tí ìfẹ́ wọn jinlẹ̀ sí jù ni wọ́n fi ọ́ sí, arábìnrin.

Bàbá Onídùndún
Kò burú. Nínú agbo ilé wa, Yétúndé mẹ́ta ló wà fún ìyá àgbà kan ṣoṣo, a sì ń lọ sójú oórì rẹ̀ lọ́dọọdún. Bó ṣe wà níbẹ̀ tó tún wà níbí, mo ti ń rò ó láti ìgbà ọmọdé.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti pé ọdún 54 tí wọ́n ti ń pè mí ní Yétúndé, kò sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti fi gbogbo èsì yín ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ti kà á, kò tíì fèsì.

Láàárọ̀ yìí Màmá tún ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun?" Mi ò jiyàn. Mo ní, "Mo ti jẹun, Àbẹ̀kẹ́ mi." Oríkì wọn nìyẹn, ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá na ọwọ́ gba ìko.