NAFDAC tó ń bójú tó oògùn ni àbí FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra oògùn ikọ́ olómi fún ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan n'Íbàdàn. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé wọ́n lẹ bébà tín-ín-rín mọ́ ibi tí déètì wà. Mo fi èékánná họ ọ́, déètì tó ti kọjá ló wà lábẹ́ rẹ̀! Ọmọ ò tíì mu nínú rẹ̀, mo dúpẹ́.

Mo gbé e padà. Ẹni tó ń tà á nàka sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri: "Ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà." Ó tún ní kí n fi ìgò náà sílẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Mo mọ̀ pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó léwu padà ká sì gba owó wa. Ṣé ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lè borí òfin ni? Ẹni tó bá ti fẹjọ́ irú èyí sùn rí, ẹ jọ̀ọ́: ta lẹ kọ́kọ́ lọ bá? Bí NAFDAC bá gba ìgò náà, ṣé fọ́tò àti rìsíìtì tó fún FCCPC? Rìsíìtì mi ò ní òǹtẹ̀ o, wọ́n kàn fi bírò kọ ọ́ ni.